Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Lẹ́yìn Gíláàsì

"Rọra ti ọwọ́ wọ ìsàlẹ̀ sí i. Sí i. Dúró níbẹ̀," ni Dókítà Èyíwùnmí Ọ̀ṣúnkọ̀yà wí sínú gbohùngbohùn iwájú rẹ̀. "Kí lo rí?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni, Dókítà. Ẹ̀jẹ̀ nìkan."

"Fà á kúrò. Má fojú wá a mọ́. Ọwọ́ ni kó o fi wá a."

Lódìkejì gíláàsì náà, Ràfátù kò gbójú sókè. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wọ inú ikùn obìnrin tó sùn lórí tábìlì títí dé ọrùn ọwọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ń ti ọ̀pá tó ń fa ẹ̀jẹ̀ síwá sẹ́yìn. Apá irin méjì tó so rọ̀ láti òkè àjà ló fa ojú ọgbẹ́ náà yà fún un. Wọn ò gbọ̀n, wọn ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n fa nǹkan yà lọ.

Ìbíyẹmí ni orúkọ obìnrin orí tábìlì yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹja ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń sìn nínú àgò ńláńlá lójú ọ̀sà. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ náà ló di ikùn mú, tó ṣubú sínú ọkọ̀ wọn. Oyún ọ̀sẹ̀ méje ló dúró sínú ọ̀nà ẹyin dípò ilé-ọmọ, ó sì ti bẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn Ìdó-Òkun, tó dúró lórí òpó láàárín omi, ilẹ̀kùn gbóòórùn èémí rẹ̀, ó sì tan iná pupa. Séèémí, àrùn tó ń gba inú èémí ràn, wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Wọn ò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ kọjá òpó àkọ́kọ́. Wọ́n fi àmì kékeré kan tó ń tanná lé e lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí iná náà bá ń ṣẹ́jú, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń mí.

"Ààbò pé," ni ohùn ẹ̀rọ wí láti ara ògiri, bó ṣe ń wí ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. "Kí ọwọ́ máa báṣẹ́ lọ."

"Mo ti kàn án, Dókítà."

"Báwo ló ṣe rí lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wú. Ó rọ̀ bí ìfun ẹja tó ti sùn mọ́jú. Ó ti ya lápá kan."

"Òun náà ni. Gbé e sókè díẹ̀díẹ̀."

Ìgbà náà gan-an ni aago mẹ́wàá lù. Ẹ̀gbà tó wà ní ọrùn ọwọ́ Ràfátù, lábẹ́ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ iṣẹ́, yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́, ó sì fi èsì ránṣẹ́ sí ojú ẹ̀rọ tó wà níwájú dókítà. Lánàá, méjìléláàádọ́ta ló wà níbẹ̀. Nísinsìnyí, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni.

Ogójì ni òfin wí. Ẹni tí ààbò rẹ̀ bá ti wálẹ̀ ju ogójì lọ kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò kó Séèémí rí. Kódà, ti irú wọn burú jù, nítorí nínú ẹni mẹ́wàá tí àrùn náà tún padà mú lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́fà ni wọ́n ń sin.

Ọ̀rọ̀ pupa jáde lójú ẹ̀rọ: ÀÀBÒ JÁ. KÍ Á KÉDE? Bọ́tìnnì méjì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ni Kéde. Èkejì ni Dá a dúró, tí wọ́n ṣe síbẹ̀ nítorí ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá ṣi nǹkan kà.

Dókítà Èyíwùnmí wo obìnrin orí tábìlì. Ìfúnpá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ dé ibi tí ènìyàn kì í ti í pẹ́ padà. Ọwọ́-àyálò, àwọn tó ń fi ọwọ́ tiwọn ṣiṣẹ́ abẹ fún dókítà, méjì péré ló wà ní gbogbo agbègbè náà. Ràfátù ni ọ̀kan, Baba Sùnmọ́nù ni èkejì, Baba Sùnmọ́nù sì wà ní òdìkejì ọ̀sà, ìrìn wákàtí méjì lórí omi. Dókítà mọ̀ pé ẹ̀rọ kò ṣi nǹkan kankan kà.

Ó tẹ Dá a dúró.

"Dókítà?"

"Mò ń gbọ́ ẹ."

"Mo ti gbé e sókè. Kí ni kí n ṣe?"

"Mú ẹ̀mú tó tẹ̀ lórí. Fún un mọ́ ìdí, níbi tó ti so mọ́ ilé-ọmọ."

Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀. Ìyẹn ló yà á lẹ́nu jù nígbà tó ronú sí i lẹ́yìn náà, pé ohùn òun kò yàtọ̀ rárá.

Ọdún kẹfà rèé tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan aláìsàn kẹ́yìn. Oníṣẹ́ abẹ mọ́kànlá ló wà ní etí omi yìí nígbà tí Séèémí kọ́kọ́ dé. Bí wọ́n bá ti la ikùn aláìsàn, tí wọ́n fi irin gbígbóná jó ojú iṣan kó lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró, èéfín á rú, àrùn á gba inú èéfín náà wọ ihò imú wọn. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀mí là ni wọ́n ń kú. Ìgbà tó ku ẹyọ kan ṣoṣo ni ìjọba ṣe Òfin Gíláàsì. Láti ìgbà náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ abẹ ò gbọdọ̀ mí afẹ́fẹ́ kan náà pẹ̀lú ara tí wọ́n là. Ẹni tó ti kó àrùn náà tó sì bọ́ ni yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe é, dókítà á máa tọ́ ọ sọ́nà láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ogójì ènìyàn ni wọ́n dán wò nígbà náà, àwọn agbẹ́gi, àwọn onídìrí, àwọn aránṣọ. Ràfátù, tó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe létí omi, ló mókè wọn. Ní ọdún mẹ́fà, ó ti fi ọwọ́ rẹ̀ yọ ọmọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún láàyè. Àwọn tí àìsàn tiwọn lè dúró ṣì wà lórí ìwé Dúró-Ná, ìpákè, wíwú ọrùn, ojú tó ń ṣú. Àwọn mìíràn ti kú síbẹ̀.

"Ó fẹ́ mú un," ni Ràfátù wí. "Rárá. Ó yọ̀. Ara rẹ̀ ń ya bí bébà tútù."

"Mú ẹ̀yìn díẹ̀."

"Ó tún yọ̀."

Ẹ̀jẹ̀ ru sókè. Ràfátù ju ẹ̀mú sílẹ̀, ó ti àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá bọ ibẹ̀, ó fún un pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ dúró.

"Mo ti fi ìka dì í mú," ló wí, ó ń mí gúlegúle. "Bí mo bá fi sílẹ̀ báyìí, yóò tú."

"Má fi sílẹ̀."

"Mi ò fi sílẹ̀." Ó yí etí sí ògiri. "Dókítà, ẹ̀rọ yìí ò sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ó ń ṣe ségesège láti àárọ̀. Má dá a lóhùn."

"Ó sọ̀rọ̀ kí n tó rí ọ̀nà ẹyin yìí."

"Ràfátù, ojú iṣẹ́ ni kó o wà."

Ràfátù padà sójú iṣẹ́. Ó tẹ orí ba kó lè rí ìka ara rẹ̀ dáadáa, imú rẹ̀ kò sì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ sí ojú ọgbẹ́. Ìbòmú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà lójú rẹ̀. Kí ni ẹni tí ààbò rẹ̀ pé fẹ́ fi èyí tó nípọn ṣe?

Ohun tó kàn kò ṣòro. Kó fi ọwọ́ òsì mú irin gbígbóná, kó jó iṣan náà lábẹ́ ìka tó dì í mú. Èéfín á rú sókè sí ojú rẹ̀ gan-an. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni dókítà ní láti sọ: Jó o. Ó ti sọ ọ́ fún Ràfátù nígbà tí kò lóǹkà. Ó la ẹnu, gbólóhùn náà kò jáde.

"Dókítà, mo ní kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n jó o?"

"Rárá. Má jó nǹkan kan." Ó gba èémí. "Ràfátù, ààbò rẹ ti já. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Mo dá ohùn ẹ̀rọ dúró."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀, Ràfátù gbójú sókè, ó wo gíláàsì. Ìka rẹ̀ méjì kò kúrò níbi tí wọ́n wà.

"Láti ìgbà wo?"

Dókítà wo ojú ẹ̀rọ. "Ìṣẹ́jú mẹ́rin."

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin." Ràfátù tún un sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò lórí ahọ́n. "Mo bi yín léèrè. Ẹ ní ó ń ṣe ségesège."

"Mo purọ́."

"Dókítà, ẹ mọ̀ pé ìyá mi wà nílé. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Kò kó o rí. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un, èmi ni mò ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ti bi mí nípa rẹ̀ lánàá òde yìí."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ni mo ṣe fún yín?"

Ràfátù wo obìnrin tó ń sùn, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo fẹ́ jáde," ló wí, omi ti kún ojú rẹ̀. "Òfin ní kí n jáde. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ọwọ́ mi, ọmọ yìí ti kú nìyẹn. Ẹ ti so mí mọ́lẹ̀, Dókítà. Ẹ wá tú mi sílẹ̀."

Dókítà Èyíwùnmí dìde. Ó rìn lọ sí ibi aṣọ àràmọ́ra, tó ń bo gbogbo ara kí àrùn má wọlé, tó gbé kọ́ sẹ́bàá ilẹ̀kùn kékeré, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ibẹ̀. Bó ṣe gbé e kúrò lórí ìkọ́ ni ohùn mìíràn bọ́ sínú yàrá náà. Alàgbà Odùbélà ni, olùṣọ́ òfin fún ilé ìwòsàn náà, ẹni tó jókòó sí ìlú tó ń wo gbogbo ilẹ̀kùn lójú ẹ̀rọ.

"Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé aṣọ yẹn padà."

"Mò ń wọlé, Alàgbà."

"Ẹ ò lè wọlé. Ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá wọ ibẹ̀, ó di ọjọ́ mọ́kànlélógún kí ẹ tó jáde, bí ẹ bá jáde láàyè. Ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn ló wà létí omi yìí, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ní. Lọ́la ńkọ́? Bí ọmọ mìíràn bá dábùú ní ikùn ìyá rẹ̀ lọ́la, ta ni yóò sọ ohun tí wọn ó ṣe?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀! Ẹni kan ni obìnrin yìí, Dókítà. Kí Ràfátù jó iṣan náà. Ó ti mí in sínú ná. Ìṣẹ́jú méjì sí i kò yí nǹkan padà."

Ọ̀rọ̀ tí Odùbélà sọ yìí ni dókítà fúnra rẹ̀ ti sọ nínú ọkàn ní ìṣẹ́jú mẹ́rin sẹ́yìn. Nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ló mọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ti ilẹ̀kùn náà," ló wí.

"Èmi kọ́ ló ń tì í. Orúkọ yín ló ń ṣí i. Tí ẹ bá ti pè é, ọ̀rọ̀ ti di ti kọ́ọ̀tù."

Ó wọ aṣọ náà dé ọrùn, ó fi ìborí bo orí, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ti bàbá rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Afẹ́fẹ́ fà á wọlé bí ẹni pé ẹnìkan ti ń dúró dè é nínú.

Òórùn ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀, òórùn ẹ̀jẹ̀ gbígbóná, tí gíláàsì kò jẹ́ kó gbọ́ láti ọdún mẹ́fà. Ó na ọwọ́ sí ọgbẹ́. Ìbọ̀wọ́ aṣọ àràmọ́ra náà nípọn bí rọ́bà bàtà òjò. Kò gbọ́ nǹkankan lára. Kò mọ èyí tó jẹ́ ìka Ràfátù àti èyí tó jẹ́ ara aláìsàn.

"Mi ò lè fi èyí ṣe é," ló wí.

Ràfátù kò sọ pé kó bọ́ ọ, kò sì sọ pé kó má bọ́ ọ. Dókítà tú ìdè ọrùn ọwọ́ méjèèjì, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ńlá náà sílẹ̀, ó wọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti Ràfátù. Ó ti ọwọ́ bọ inú ikùn náà. Ó gbóná. Ó ti gbàgbé bó ṣe máa ń gbóná tó. Ó tẹ̀lé ìka Ràfátù dé òpin, ó rí iṣan náà, ó ń lù kìkì bí ọkàn ẹyẹ. Ó fún un pọ̀.

"Ẹ ti dì í mú?"

"Mo ti dì í mú."

"Ẹ dákun, kó dá yín lójú o."

"Ó dá mi lójú, Ràfátù. Máa lọ."

Ràfátù fa ọwọ́ rẹ̀ jáde ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ kò tú. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó wo ẹ̀gbà tó pupa yòò ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì gba ilẹ̀kùn àwọn tí wọ́n ń dá sọ́tọ̀ jáde. Kò wẹ̀yìn.

Dókítà kò lo irin gbígbóná. Òwú ló fi so iṣan náà, ìso mẹ́ta, pẹ̀lú ọwọ́ tó lọ́ra bíi ti akẹ́kọ̀ọ́. Ìso kejì tú, ó tún un so. Ó gé ọ̀nà ẹyin tó ya náà kúrò, ó fọ inú ikùn, ó rán an. Iṣẹ́ tí ì bá gbà á ní ogójì ìṣẹ́jú láyé àtijọ́ gbà á ní wákàtí kan àti ààbọ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ìfúnpá Ìbíyẹmí ti ń gòkè bọ̀. Lóde, ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ojú omi ń wo iná kékeré kan tó ń ṣẹ́jú, kò sì mọ ohunkóhun nínú gbogbo èyí.

Yàrá méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi dókítà àti Ràfátù sí. Ní ọjọ́ kejì, Odùbélà pè é lórí ẹ̀rọ.

"Dókítà, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìlú. Ti ilẹ̀kùn, a ó rí nǹkan sọ sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ló le. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè ṣìṣe, ẹ yé mi bí? Ẹ kàn fọwọ́ sí i pé ẹ̀rọ ò fi èsì hàn yín lásìkò. Kò sẹ́ni tó fẹ́ pàdánù yín."

"Ràfátù ńkọ́?"

"Ràfátù á gba owó ìtọ́jú tirẹ̀ bó ti wù kó jẹ́."

"Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́."

Nígbà tí ìwé náà dé ojú ẹ̀rọ rẹ̀, ó nu gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ síbẹ̀. Ó kọ tirẹ̀: Mo rí èsì náà ní aago mẹ́wàá. Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo dá ohùn ẹ̀rọ dúró. Ràfátù bi mí, mo purọ́ fún un. Ó fọwọ́ sí i, ó dá a padà. Odùbélà kò tún pè é mọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ ní yàrá kejì.

Dókítà gbọ́ ọ láti ara ògiri. Ó mọ ikọ́ náà. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá. Ó tẹ ẹ̀rọ pe àwọn nọ́ọ̀sì, ó sọ oògùn tí wọn ó lò àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọn ó fún un. Ó ní kí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè rí àyè. Ó ní kí wọ́n rán ẹnìkan sí ìyá àgbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó tún lè ṣe. Ó jókòó ti ògiri, ó ń gbọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, ikọ́ náà di hàn-hàn-hàn tí kò ní agbára mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àlàfo tó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ara tirẹ̀ kò gbóná. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, bíi pé ó ń retí rẹ̀, kò sì gbóná.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, ó gbọ́ ohùn Ràfátù. Ó ń bèèrè tíì gbígbóná lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n fi ṣúgà sí i dáadáa, kì í ṣe èyí tó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ife. Dókítà bo ojú, ó sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé ní àárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn mú kankan. Àwọn méjèèjì pàdé lórí afárá igi tó lọ sí ibùdókọ̀. Ràfátù ti rù, egungun ọrùn rẹ̀ yọ, ó sì ń dúró sinmi lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá. Dókítà fẹ́ bá a di àpò rẹ̀ mú, Ràfátù yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Wọ́n ní Ìbíyẹmí ti lọ sílé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá," ni dókítà wí.

"Mo gbọ́. Ọkọ rẹ̀ fi ẹja ránṣẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ fún ìyá mi."

"Ara ìyá ńkọ́?"

"Ó le. Ó ń bínú sí mi pé mo lọ láìdágbére."

Ọkọ̀ ti ń dúró. Awakọ̀ na ọwọ́ sí Ràfátù, ṣùgbọ́n kò tíì wọlé.

"Ràfátù, mo bẹ̀ ọ́," ni dókítà wí. Kò bẹ ẹnikẹ́ni báyìí rí láti ìgbà tó ti dàgbà. Ó kúnlẹ̀ lórí pákó náà, òun tó fi ọdún mẹ́tàlá ju obìnrin náà lọ. "Foríjì mí."

"Áà, Dókítà! Ẹ dìde. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi." Ràfátù fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde, ó sì gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀ ní orúnkún. "Mo ti foríjì yín láti ọjọ́ tí ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ ńlá yẹn. Bí mo bá kú, ìyẹn ni ǹ bá lọ sọ fún Ọlọ́run."

"Nígbà náà, tí ara rẹ bá ti yá, tí ẹ̀gbà rẹ bá ti padà sípò..."

"Ó ti padà sípò. Ọgọ́rin lé méjì. Wọ́n wò ó láàárọ̀ yìí." Ràfátù mi orí. "Dókítà, ìforíjì ni mo fún yín. Ọwọ́ mi kọ́. Nígbà tí mo bá wà nínú ibẹ̀, etí mi nìkan ni mo ní, ohùn yín ló sì wà nínú rẹ̀. Bí mo bá tún wọlé, màá máa gbọ́ ohùn yín, màá sì máa rò ó. Ẹni tó bá ń ro nǹkan mìíràn kò gbọdọ̀ la ikùn ọmọ ọlọ́mọ."

Ó wọ inú ọkọ̀. Awakọ̀ tan ẹ́ńjìnnì, omi funfun sì là sí méjì lẹ́yìn wọn.

Dókítà dúró níbẹ̀ títí ọkọ̀ náà fi yí etí igbó esùsú. Nígbà tó yíjú padà, nọ́ọ̀sì kan ń sáré bọ̀ lórí afárá. Wọ́n ti gbé awakọ̀ mìíràn dé tí ẹ́ńjìnnì gé ní itan, ó wí, Baba Sùnmọ́nù, tí wọ́n mú wá láti òdìkejì ọ̀sà, sì ti wà nínú, ó ń dúró de ohùn Dókítà.

"Mò ń bọ̀," ni dókítà wí. Ó sáré wọlé, ó jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ó tan gbohùngbohùn.

"Baba, ẹ káàárọ̀. Èmi ni. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan, ẹ jẹ́ kí n ka ààbò yín fún yín."